Ambroise Paré: Oníṣẹ́ Abẹ Tí Kò Fi Ẹni Tí A Gé Lẹ́sẹ̀ Sílẹ̀

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti dúró rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. A mọ bí ó ti máa ń rí. Aṣọ ìbora yóò ga ní apá kan, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ ní apá kejì, ojú wa kò sì ní mọ ibi tí yóò wò. A ó kí i kú ewu, a ó gbàdúrà, a ó gbé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé orí tábìlì, a ó sì máa lọ. Bí a bá dé ìta, a ó mi orí, a ó máa sọ láàárín ara wa pé ayé ti parí fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìtàn ti ìgbà yìí, nítorí pé ọkùnrin kan gbé ayé ní èyí tí ó lé ní irínwó ọdún sẹ́yìn tí kò gbà pé òótọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ ni Ambroise Paré, ará ilẹ̀ Faransé. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ káàkiri àgbáyé ń pè é ní bàbá wọn títí di òní.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Nǹkan bí ọdún 1510 ni a bí i ní Bourg-Hersent, lẹ́bàá ìlú Laval, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ilé tí ó ti jáde kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Kò lọ sí yunifásítì, kò sì kọ́ èdè Látìn, èdè tí gbogbo ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà fi ń kọ ìwé. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni ó kọ́.

Kí ó má ṣe yà wá lẹ́nu pé inú iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni oníṣẹ́ abẹ ti jáde. Láyé ọjọ́un, dókítà tí ó kàwé kì í fi ọwọ́ kan egbò. Yóò dúró lókèèrè, yóò máa pàṣẹ, ẹni tí ó ní abẹ lọ́wọ́ ni yóò sì ṣe é. Ta ni ó sì ní abẹ lọ́wọ́ bí kò ṣe ẹni tí ń fá irun? Òun ni ó ń la oówo, òun ni ó ń fa eyín, òun náà ni ó ń gé ẹsẹ̀ tí ó bá ti bàjẹ́. Ẹ rántí àwọn olóòlà tiwa náà, tí abẹ kan náà wà lọ́wọ́ wọn fún ilà ojú àti fún ìdábẹ́ ọmọkùnrin.

Nígbà tí Paré di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó lọ sí Paris, ó sì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta ní Hôtel-Dieu, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tálákà ìlú náà. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń kà nínú ìwé, ojú ni ó fi ń rí i níbẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ RẸ̀ RÍ LÓGUN

Ní ọdún 1537, ó bá àwọn ọmọ ogun ọba Faransé lọ sí ilẹ̀ Ítálì, sí ìhà ìlú Turin. Ogun àkọ́kọ́ tí ó máa rí nìyẹn. Ìbọn ti gbòde nígbà náà, egbò ìbọn kò sì dà bí egbò idà. Ọta ìbọn a máa fọ́ eegun yángá, a sì máa gbé èérí àti ègé aṣọ wọ inú ẹran ara.

Bí wọ́n ti ń wọ ìlú, Paré wá ibi tí yóò so ẹṣin rẹ̀ mọ́, ó sì wọ inú ilé ẹṣin kan. Ó bá òkú ọmọ ogun mẹ́rin níbẹ̀, àti mẹ́ta mìíràn tí wọ́n fara ti ògiri tí ẹ̀mí kò tíì bọ́ lára wọn. Ẹ̀tù ìbọn ti jó wọn. Wọn kò ríran, wọn kò gbọ́ràn, wọn kò lè sọ̀rọ̀, aṣọ ọrùn wọn sì ń rú èéfín síbẹ̀. Ọmọ ogun àgbàlagbà kan wọlé, ó bi Paré bóyá ọ̀nà wà tí a fi lè wò wọ́n sàn. Paré ní kò sí. Ni bàbá náà bá súnmọ́ wọn, ó sì dú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìbínú. Paré kígbe mọ́ ọn pé ìkà ènìyàn ni. Bàbá náà dáhùn pé òun ń bẹ Ọlọ́run pé bí òun bá bá ara òun nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, kí ẹnìkan ṣàánú òun bákan náà.

Ó dàgbà, ó darúgbó, kò gbàgbé ọjọ́ náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe yára dá ọmọ ogun náà lẹ́jọ́. Àánú ni ó rò pé òun ń ṣe. Ó wo ara tí ó bàjẹ́, ó sì gbà pé kò sí ohun tí ó kù ju ikú lọ. Bí a bá wo gbogbo iṣẹ́ tí Paré ṣe ní àádọ́ta ọdún tí ó tẹ̀lé e, àfi bí ẹni pé ó ń wá èsì mìíràn fún ìbéèrè tí bàbá náà bi í.

Kò pẹ́ tí èsì àkọ́kọ́ fi yọjú. Ìwé àwọn àgbà ìgbà náà sọ pé májèlé wà nínú egbò ìbọn, pé òróró gbígbóná ni a gbọ́dọ̀ dà sí i láti pa májèlé náà. Paré náà ń dà á bí àwọn yòókù ti ń dà á. Lọ́jọ́ kan, òróró tán, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sì ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ó po pupa ẹyin, òróró òdòdó róòsì àti oje igi páìnì pọ̀, ó fi ìyẹn sí egbò àwọn tí ó kù. Lóru ọjọ́ náà, kò rí oorun sùn. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òkú ni òun yóò bá. Ó jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì lọ wò wọ́n. Àwọn tí ó fi àpòpọ̀ náà sí lára sùn dáadáa, egbò wọn kò wú, ìrora wọn kò pọ̀. Àwọn tí ó da òróró gbígbóná sí lára ni ibà ń ṣe, tí egbò wọn wú, tí wọ́n ń jẹ̀rora. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé òun kò ní fi iná sun ẹni tí ìbọn bá bà mọ́.

Ní ọdún 1545, ó tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń tọ́jú egbò ìbọn. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́, kí àwọn onígbàjámọ̀ bíi tirẹ̀, tí wọn kò gbọ́ Látìn, lè kà á. Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì mọ irú ọkàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní ọdún 1747, bàbá wa John Wesley náà kọ ìwé ìwòsàn kan ní èdè tí ó rọrùn, kí tálákà tí kò lówó dókítà lè rí ìrànlọ́wọ́.

IRIN GBÍGBÓNÁ ÀTI ÒWÚ

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀. Láyé ìgbà náà, kò sí oògùn tí ń múni sùn. Ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò di aláìsàn mú, wọn yóò sì fi ayùn gé eegun. Bí ẹsẹ̀ bá ti bọ́, ẹ̀jẹ̀ yóò tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Kí ẹ̀jẹ̀ náà lè dá, irin tí ó pọ́n nínú iná ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ojú egbò. Ọ̀pọ̀ kú lábẹ́ irin náà. Àwọn tí kò kú, iná ti jẹ ẹran ibẹ̀ débi pé eegun yóò yọ síta, egbò kò sì ní jinná bọ̀rọ̀. Irú ojú egbò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé lé orí ẹsẹ̀ igi.

Paré ka ìwé àwọn aráyé àtijọ́, ó rí i pé wọ́n ń fi òwú so iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó bá já nínú egbò lásán. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tí a ti gé ẹsẹ̀. Ní ọdún 1552, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé dó ti ìlú Damvillers, ìbọn ńlá fọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn èèyàn ọ̀tọ̀kùlú kan. Paré gé ẹsẹ̀ náà, ó fa iṣan ẹ̀jẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi òwú so ó, kò sì fi irin kàn án rárá. Ọkùnrin náà yè. Ó padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ igi, inú rẹ̀ sì dùn pé wọn kò fi iná jó òun. Nígbà tí Paré ń kọ ìtàn yìí, kò yin ara rẹ̀. Ó ní tòun ni láti di egbò náà, pé Ọlọ́run ni ó wò ó sàn. Gbólóhùn yìí ni ó máa ń tún kọ léraléra nínú ìwé rẹ̀.

Ní ọdún 1552 yìí kan náà, àwọn ará oko ṣá ọmọ ogun kan ní idà níbi méjìlá. Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kí wọ́n gbẹ́ sàréè fún un, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí ogun máa lọ. Paré bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Òun ni dókítà rẹ̀, òun ni ó ń po oògùn rẹ̀, òun ni ó ń di egbò rẹ̀, òun náà ni ó ń se oúnjẹ rẹ̀, títí ara rẹ̀ fi yá. Ẹnu ya àwọn ọmọ ogun yòókù. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n kó o fún Paré. Ẹ ṣàkíyèsí pé a ka síse oúnjẹ mọ́ iṣẹ́ ìwòsàn níbí. Ẹ̀yin ìyá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ní ọdún kan náà, ó di ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ ọba Henri Kejì. Nígbà tí ó yá, ó sin ọba mẹ́ta mìíràn tí wọ́n jẹ tẹ̀ lé e: François Kejì, Charles Kẹsàn-án àti Henri Kẹta. Ọmọ tí kò gbọ́ Látìn di ẹni tí ń wọlé tọ ọba.

ỌJỌ́ TÍ Ó KAN ÒUN NÁÀ

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1561, Paré fẹ́ sọdá odò Seine ní Paris pẹ̀lú ẹṣin rẹ̀. Ẹṣin náà ta á nípàá, ó sì fọ́ eegun méjèèjì ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Bí ó ti sún sẹ́yìn, ó ṣubú, eegun náà sì gún awọ jáde, ó gba inú ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà rẹ̀ yọ síta. Ó mọ ohun tí irú egbò bẹ́ẹ̀ máa ń yọrí sí, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti gé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí rẹ̀. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gbé e délé nínú ìrora. Ó bẹ oníṣẹ́ abẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ó má ṣe kẹ́ òun ju bí yóò ti kẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí lọ. Kí ó fa ẹsẹ̀ náà dáadáa kí eegun lè padà sí ipò rẹ̀, bí ojú egbò bá sì kéré, kí ó fi abẹ là á sí i.

Ó dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ibà mú un, egbò náà sì ṣọyún. Nígbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ náà jinná, ó sì rìn láìtiro. Ṣùgbọ́n ó ti dùbúlẹ̀ sí ipò tí àwọn tí ó ń tọ́jú ń dùbúlẹ̀ sí. Ó ti mọ bí ó ṣe rí kí ènìyàn máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí ó má mọ̀ bóyá yóò bá a di ọ̀la.

ẸSẸ̀ IGI ÀTI ỌWỌ́ IRIN

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1564, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí iṣẹ́ abẹ. Nínú ìwé náà ni ó ti ya àwòrán ohun tí a lè fi dípò ẹ̀yà ara tí ó bá sọnù. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ronú ẹsẹ̀ igi. Ó ti wà láti ayé àtijọ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ọ́ di ara iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ. Lójú rẹ̀, ẹni tí ó gé ẹsẹ̀ tí kò ronú bí aláìsàn yóò ṣe rìn kò tíì parí iṣẹ́.

Ó ya àwòrán ẹsẹ̀ kan fún ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ lókè orúnkún. Orúnkún rẹ̀ ń ká, okùn kan sì wà tí a ń fà kí ó lè ká bí ènìyàn bá fẹ́ jókòó. Bí ó bá dìde, orúnkún náà yóò há, yóò sì gbà á dúró. Ó ya ọwọ́ irin kan tí ìka rẹ̀ ń ká tí ó sì ń nà pẹ̀lú sípíríìnì àti àwọn àgbá kéékèèké eléyín bíi ti inú agogo. Alágbẹ̀dẹ àgádágodo kan ní Paris, tí wọ́n ń pè ní Ará Lorraine Kékeré, ni ó ṣe ọwọ́ náà. Paré bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó fi àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ hàn án. Nígbà tí ó wá tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń pe irin kọ̀ọ̀kan ni ó lò, kí alágbẹ̀dẹ tàbí aṣe-agogo níbikíbi lè kà á kí ó sì ṣe irú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ onírin bẹ́ẹ̀, ọlọ́lá ni ó lè rà á. Paré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ya àwòrán ẹsẹ̀ mìíràn, tí ó sì pè é ní ẹsẹ̀ igi fún àwọn tálákà. Igi lásán ni, pẹ̀lú ìrọ̀rí tí a ó fi orúnkún lé àti awọ tí a ó fi dè é mọ́ itan. Káfíńtà abúlé lè gbẹ́ ẹ. Nínú ìwé oníṣẹ́ abẹ ọba ni àwòrán ẹsẹ̀ tálákà wà, ìwé kan náà tí ẹsẹ̀ ọlọ́lá wà nínú rẹ̀. Ó tún ṣàlàyé ojú àtọwọ́dá àti imú àtọwọ́dá.

Ó ń ronú nípa ẹsẹ̀ igi náà kí ó tó mú ayùn rárá. Ó kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ pé kí wọ́n fa awọ àti ẹran ara sókè kí wọ́n tó gé e, kí ó lè bo orí eegun. Ó ní bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ni ó bàjẹ́, ó sàn kí a gé e ní ìwọ̀n ìka márùn-ún sí abẹ́ orúnkún, nítorí pé ojúgun gígùn tí kò ní ẹsẹ̀ nídìí yóò di ẹrù fún ẹni tí ń fi orúnkún lé ẹsẹ̀ igi. Ó sọ ìtàn balógun ojú omi kan tí àgbá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù. Egbò rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ojúgun tí ó kù ń dí i lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí wọ́n tún gé e kù díẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Lẹ́yìn náà ni ìrìn wá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

ÌRORA ẸSẸ̀ TÍ KÒ SÍ MỌ́

Ohun kan tún wà tí Paré ṣe tí ó wú wa lórí púpọ̀. Àwọn tí ó ti gé lẹ́sẹ̀ a máa sọ fún un, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, pé ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ náà ń dun àwọn. Wọn a ní ìka ń ta àwọn, nígbà tí ó jẹ́ pé ìka náà ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́. Ẹlòmíràn ìbá sọ pé orí wọn ti dàrú. Paré gbà wọ́n gbọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun ìyanu ni, pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kò ní fẹ́ gbà pé òótọ́ ni. Òun wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìṣègùn.

Lónìí, àwọn dókítà mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Iṣan ìmọ̀lára tí a gé àti ọpọlọ ni ó ń fa ìrora náà. Ọpọlọ kò tíì gbàgbé ẹsẹ̀ tí ó ti lọ. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe òkú ẹsẹ̀ ni ó ń dà á láàmú, kì í sì í ṣe wèrè. Ó ní ìtọ́jú. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa bá sọ irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fetí sílẹ̀ bí Paré ti fetí sílẹ̀, kí a sì mú un lọ bá dókítà.

ÀWỌN TÍ Ó BÁ A JÀ

Àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì Paris kò fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ tẹ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jáde pọ̀ ní ọdún 1575, wọ́n gbìyànjú láti dí i lọ́wọ́, nítorí pé onígbàjámọ̀ ni wọ́n kà á sí, tí ń fi èdè ọjà kọ ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn, Étienne Gourmelen, kọ̀wé láti bẹnu àtẹ́ lu òwú tí ó fi ń so iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ní irin gbígbóná ni ó tọ́. Ní ọdún 1585, Paré fún un lésì. Ó ka àwọn ogun tí ó ti bá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ìtàn àwọn tí ó tọ́jú níbẹ̀, ó sì bi ọ̀gá náà léèrè ibi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ abẹ bí kò ṣe lórí àga nínú iyàrá ìwé.

Nínú ilé tirẹ̀ náà, ó mọ ọ̀fọ̀. Ó gbé Jeanne Mazelin níyàwó ní ọdún 1541. Ọmọ mẹ́ta ni ìyàwó náà bí fún un, méjì sì kú ní kékeré. Òun náà kú ní 1573. Paré tún gbé Jacqueline Rousselet níyàwó ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Ọlọ́run sì tún fún un ní ọmọ.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọdún 1590, ogun dó ti Paris, ebi sì ń pa àwọn ará ìlú kú ní òpópónà. Paré ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó pàdé bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Lyon, ọ̀kan nínú àwọn alágbára tí kò fẹ́ kí ìlú túúbá, lẹ́bàá afárá Saint-Michel. Ó dá a dúró níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì sọ fún un pé ohùn àwọn tí ebi ń pa yìí ń ké sí Ọlọ́run, kí ó wá àlàáfíà. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ogun náà ká kúrò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 1590, Ambroise Paré kú sí Paris, wọ́n sì sin ín sí ìjọ Saint-André-des-Arts.

Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí òwú tó borí irin gbígbóná pátápátá. Ṣùgbọ́n ó borí.

KÍ NI A RÍ KỌ́?

Ẹ̀yin arábìnrin wa, bí a kò bá kú, ìṣe kò tán. Ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ kò tíì kú. Èyí ni gbogbo ohun tí ayé ọkùnrin yìí ń sọ. Ilé ìwòsàn egungun wa ní Igbóbì ní ìlú Èkó, tí ó di ilé ìwòsàn ní ọdún 1945, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì láti padà rìn kí wọ́n sì padà ṣiṣẹ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí Paré là náà ni.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ni ó kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí dókítà ní kí a gé ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó sàn kí àwọn lọ sọ́run pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Òmíràn, ẹbí ni kò gbà, nítorí ìtìjú. Nígbà tí wọn yóò fi gbà, ìjẹrà ti dé inú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe abẹ ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù jù. Ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù ni ayé tí wọn yóò gbé lẹ́yìn abẹ. Bí wọ́n bá ti rí aláìlẹ́sẹ̀ kan nínú ìjọ tí ń rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ń tajà, tí ń jó ní ìdúpẹ́, ẹ̀rù náà yóò dín kù. Ọwọ́ wa ni ìyẹn wà.

Nítorí náà, kí ìbẹ̀wò wa má ṣe parí ní ilé ìwòsàn. Ìgbà tí ó bá padà sílé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí a bi í bóyá wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń fi báńdéèjì di ibi tí a gé náà kí ó má ṣe wú, kí ó lè wọ inú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Kí a má ṣe fi ìrọ̀rí sábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ nítorí àánú. Oríkèé yóò ká, kò sì ní nà mọ́. Kí a máa bá a wo awọ ibẹ̀ lójoojúmọ́, bóyá ó bó tàbí ó pọ́n. Kí a ràn án lọ́wọ́ lórí owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ́ni ní ìrìn, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dá iṣẹ́ náà dúró. Bí ó bá ń ran aṣọ, kí a gbé aṣọ wa lọ fún un. Bí ó bá ń tajà, kí a rà á. Kí ẹ̀gbẹ́ wa wo àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì bóyá ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ igi lè gùn ún.

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín ní alaalẹ́, ẹ má ṣe rìn láìwọ bàtà, ẹ má sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú egbò kékeré. Bí ọmọ wa bá sì fi ẹsẹ̀ dá, tí a fi pákó dì í, tí ìka rẹ̀ wá tutù, tí ó ń dúdú tàbí tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, a kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la. Ẹ tú u, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni wákàtí díẹ̀ ìbá gbà là.

Nígbà mìíràn tí a bá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà, tí aṣọ ìbora tẹ́ pẹrẹsẹ ní apá kan, ẹ jẹ́ kí a wo aláìsàn náà lójú. Kí a bi í ní ohun tí ó fẹ́ ṣe nígbà tí ó bá dìde. Lẹ́yìn náà, kí a padà wá bá a ṣe é. Tiwa ni láti di egbò. Ọlọ́run ni yóò wò ó sàn. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí kò ní rẹ̀. Àmín.